ÌTỌ́WÒ ÀTI ÌDÁJỌ́ TÁBÀ LÍLE NÍ ILẸ̀ Ẹ̀GBÁ: LÁTI ORÍ ÌDÌ TÁBÀ BAHIA DÉ ORÍ AṢÁÀ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn tábà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti ìgbà tí ìdì tábà Bahia ti ń gba etíkun wọlé títí di ọdún 2015 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin tí ó fi ìjánu sí títà àti mímu rẹ̀. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ náà lógún kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé tábà wá, bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn olùrà ń gbà tọ́ ọ wò àti bí wọ́n ṣe ń dá a lẹ́jọ́. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ahọ́n olùrà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sọ ewé tí Lisbon kọ̀ sílẹ̀ di ọjà iyebíye. Ó fi hàn pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ya títa, mímú àti líle sọ́tọ̀ kedere. Ó sì fi hàn pé ìmọ̀ yìí kò ṣeé yìn láìka ti àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ra tábà náà.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tí yóò dájọ́ ohun líle ní láti kọ́kọ́ fara da á. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nípa ata ni ó rí nípa tábà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ agbára ewé náà. Àfi kí ó gbé e dé imú, kí ó gbé e dé ahọ́n, kí ó sì ní sùúrù títí tí ara yóò fi sọ èyí tí ó kù.

Owódé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Abẹ́òkúta, òun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Ọ̀fàdà wà, ìlú tí a mọ orúkọ rẹ̀ mọ ìrẹsì. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Owódé kò ní ṣàì ronú nípa ọjà, nítorí orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé owó ti dé. Ilẹ̀ tí Owódé wà jẹ́ ilẹ̀ oko àti ilẹ̀ ọjà láàárín Abẹ́òkúta àti ọ̀sà. Ohunkóhun tí ó bá ti etíkun gòkè bọ̀ kò lè ṣàì kan irú àgbègbè bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ wà lára ohun tí ó gòkè bọ̀. Ìbọn wà níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀. Tábà náà kò sì gbẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí ó mẹ́nu ba tábà ní etíkun wa kò ṣe ju pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ọjà tí òyìnbó fi ṣe pàṣípààrọ̀, bí ẹni pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá ni àwọn baba ńlá wa gbà. Èrò yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi ìdọ̀tí tan olùrà jẹ? Àbí olùrà mọ ohun tí ó ń fẹ́?

Bí tábà ṣe dé etíkun

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn ín tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1492. Láàárín òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ewé náà ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi èyí ṣe àmì nínú iṣẹ́ wọn: bí wọ́n bá rí àfọ́kù ìkòkò tábà tí wọ́n fi amọ̀ mọ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà, wọ́n mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ náà kò lè ṣáájú àkókò tí tábà dé. Bí ewé náà ti rí láyà tó nìyẹn, tí àfọ́kù ìkòkò rẹ̀ fi di ohun tí wọ́n fi ń ka ọjọ́.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Tábà ni Yorùbá ń pè é, taba ni Haúsá ń pè é, tabaco ni Pọtogí ń pè é. Ọ̀rọ̀ àjèjì ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi wọ aṣọ ìbílẹ̀. Aṣáà ni Yorùbá ń pe èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n ń fà símú tàbí tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Ìkòkò tábà ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń mu ún. Nígbà tí òde òní dé, sìgá ni wọ́n pe èyí tí wọ́n ká.

Ohun tí Lisbon kọ̀, tí etíkun yàn

Ní ilẹ̀ Brazil, agbègbè Cachoeira ní Bahia ni tábà ti ń ṣe dáadáa jù. Ìjọba Pọtogí pín ewé náà sí ipele mẹ́ta. Ipele kìíní àti ìkejì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Lisbon. Ipele kẹta, tí wọ́n ń pè ní refugo, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ̀, kò yẹ fún ọjà Yúróòpù lójú wọn. Ní ọdún 1644, ọba Pọtogí fún àwọn oníṣòwò Bahia láyè láti máa kó ewé ipele kẹta yìí lọ tààrà sí etíkun Mina, láìkọ́kọ́ ya Lisbon.

Ewé ipele kẹta jẹ́ ewé kéékèèké tí ó ti ya, tí ó sì máa ń tètè gbẹ. Kí ó má baà fọ́nká, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti lọ́ ọ bí okùn, kí wọ́n sì fi oje ìrèké dúdú tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ṣíṣe ṣúgà pa á lára léraléra, ju bí wọ́n ti ń ṣe fún ewé tí ó dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká okùn náà di ìdì, tí ìdì kan sì wọ̀n tó nǹkan bí kílò 40, tí wọ́n fi awọ màlúù bò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Oje ìrèké tí ó pọ̀ yìí, tí wọ́n fi bo àbùkù ewé, ni ó fún tábà náà ní òórùn dídùn. Òun ni kò jẹ́ kí ó gbẹ lórí òkun. Òun ni ó jẹ́ kí ó rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn olùrà ní etíkun wa tọ́ ọ wò, wọ́n sì yàn án láàyò ju tábà mìíràn lọ.

Pierre Verger, ẹni tí ó gbé ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ńlá tí ó kọ ní ọdún 1968 lórí òwò tí ó da Bahia pọ̀ mọ́ etíkun Benin. Ó fi hàn pé ìfẹ́ tí àwọn olùrà ní sí tábà Bahia lágbára débi pé ó yí ọ̀nà òwò padà. Àwọn ará Họ́láńdì ti gba ilé olódi Elmina lọ́wọ́ Pọtogí ní ọdún 1637, wọn kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ Pọtogí máa ná etíkun náà mọ́. Síbẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ Bahia láti tà ní èbúté mẹ́rin: Grand Popo, Ouidah, Jaquin àti Apá. Owó ibodè tí wọ́n gbà ni ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ẹrù tábà inú ọkọ̀. Wọn kò béèrè owó mìíràn. Tábà gan-an ni wọ́n béèrè, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìní i, ọjà tiwọn náà kò ní yá. Apá tí a dárúkọ yìí kò jìnnà sí ibi tí Àgbádárìgì wà, Àgbádárìgì sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí Ẹ̀gbá ń gbà dé òkun lẹ́yìn náà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ń hàn. Òótọ́ ni pé ohun tí Lisbon kọ̀ ni wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé olùrà kò mọ èyí tí ó dára yàtọ̀. Ìwọ̀n tí Lisbon fi wọn ewé ni ẹwà ojú rẹ̀ àti ìwọ̀n gígùn rẹ̀. Ìwọ̀n tí etíkun fi wọ̀n ọ́n ni òórùn, ọ̀rinrin, adùn àti agbára. Ìwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ìdọ̀tí ni wọ́n fi tan àwọn baba ńlá wa ti gba ìwọ̀n Lisbon gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ó wà láyé.

Iye tí wọ́n san

Ṣùgbọ́n ìtàn kò lè parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìyìn. Kí ni olùtajà etíkun fi san owó ìdì tábà náà? Ènìyàn ni.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ Abẹ́òkúta jù lọ ni ti Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni àwọn ajagun kó o ní Òṣoògùn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837 nípa bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú, ó to àwọn ọwọ́ tí ó gbà kọjá lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ pé nígbà kan, tábà, ọtí àti àwọn ọjà mìíràn ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù lọ́wọ́ ọkọ̀ Pọtogí tí ó kó wọn ní Èkó, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ní ọdún 1846, Crowther wọ Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn dúró díẹ̀ níhìn-ín. Nínú òṣùwọ̀n ọjà, ọmọ tí Àfàlá sọkún fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá tábà àti ọtí dọ́gba.

Abẹ́òkúta tí wọ́n ti pàdé yìí pàápàá, ìlú àsálà ni. Ogun tí ó run àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ nínú igbó ni ó kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ Òkè Olúmọ ní ọdún 1830, lábẹ́ aṣíwájú wọn, Ṣódẹkẹ́. Ogun náà ń kó ẹrú fún etíkun. Etíkun ń fi tábà, ọtí àti ìbọn ránṣẹ́ padà. Nítorí náà, Ẹ̀gbá tí ń fa tábà Bahia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lè máa fa ohun tí wọ́n fi ra ìbátan rẹ̀.

Kò sì yẹ kí a di ẹ̀bi náà lé àjèjì nìkan lórí. Ẹfúnróyè Tinúbú, ọmọ Ẹ̀gbá tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ ní Èkó àti Abẹ́òkúta, ṣòwò iyọ̀, tábà àti ẹrú ní Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn oníṣòwò láti Brazil. Obìnrin yìí kan náà ni ó dúró ti Abẹ́òkúta nígbà ogun Dahomey, tí wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864; ọdún 1887 ni ó papò dà. Ìtàn kò gba kí a yan apá kan gbé ayé rẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọ iye tí tábà ń jẹ ní ọjà náà ni ó mọ iye tí wọ́n ń pe ènìyàn.

Èdè ìtọ́wò: títa, mímú àti líle

Ìtọ́wò jẹ́ ohun tí Yorùbá kò fi ṣeré rárá. Níbi ìsọmọlórúkọ, oyin, iyọ̀, ataare, obì àti orógbó ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, gbogbo ènìyàn a sì tọ́ ọ wò, nítorí ahọ́n ni wọ́n fi ń gbà àdúrà wọlé. Ẹni tí ó dàgbà nínú irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹnu rẹ̀ bá pàdé. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe kókó nínú ìdájọ́ tábà.

Èkíní ni ta. Ata ń ta, aṣáà ń ta. Ṣùgbọ́n oyin náà ń ta ènìyàn, àkekèé náà ń ta. Èyí fi hàn pé èdè Yorùbá kò ka títa mọ́ ẹgbẹ́ dídùn, kíkorò àti kíkan. Ó kà á mọ́ ẹgbẹ́ ohun tí ń gún ara. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní bá èdè náà lọ. Ní ọdún 1997, David Julius àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí ibi tí oró ata ti ń wọ ara: orí iṣan tí ń gbé ìrora àti ooru lọ sí ọpọlọ ni, kì í ṣe àwọn èso ahọ́n tí ń mọ adùn. Julius gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2021. Nikotíìnì inú tábà náà máa ń ru irú iṣan ìrora bẹ́ẹ̀ sókè nínú imú àti ọ̀fun. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ pé tábà kan ta bí ata, bí ata kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀.

Èkejì ni mú. Ọ̀bẹ ń mú. Òórùn náà lè mú. Imú àti ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́rìí mímú tábà. Ewé tí kò bá tíì gbó nínú òkìtì máa ń mú jù. Nígbà tí wọ́n bá kó ewé gbígbẹ jọ ní òkìtì, yóò gbóná fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ líle inú rẹ̀ yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá kánjú, imú yóò mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni le. Ọtí le, òògùn le, tábà le. Líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu; ọ̀rọ̀ orí àti ara ni. Ẹni tí tábà le fún jù yóò rí i pé òòyì ń kọ́ òun lójú, òógùn tútù ń bo òun, inú òun sì ń rú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín títa àti líle ni olùdájọ́ gidi gbọ́dọ̀ mọ̀. Tábà kan lè ta lẹ́nu púpọ̀ kí ó má le rárá. Òmíràn lè dùn lẹ́nu, kí ó sì le lẹ́yìn náà débi pé ẹni tí ń mu ún yóò wá ibi jókòó. Ìdì tábà Bahia jẹ́ irú ti ìkejì yìí: oje ìrèké bo líle rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti tábà yìí yàtọ̀, nítorí adùn rẹ̀ ni ó ṣáájú, tí agbára rẹ̀ sì gbẹ̀yìn.

Àwọn tí ń ṣe aṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń gbé líle sókè. Wọ́n á sá ewé tábà tàbí kí wọ́n yan án gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi káún sí i. Káún kì í ṣe ohun àfikún lásán. Ó máa ń yí ìṣesí nikotíìnì padà, kí ó lè tètè gba awọ ẹnu àti awọ imú wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí káún bá kéré, aṣáà kò ní le. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò bó ẹnu. Ọwọ́ aláṣáà ni ìwọ̀n wà, ahọ́n rẹ̀ sì ni ìdánwò.

Ìdájọ́ náà ní ìpele. Ojú ni ó ń kọ́kọ́ wo àwọ̀, bóyá ó pọ́n tàbí ó dúdú. Ọwọ́ ni ó ń yẹ ọ̀rinrin wò, nítorí tábà tí ó gbẹ ju bó ti yẹ ti pàdánù òórùn rẹ̀, èyí tí ó sì tutù jù yóò bu. Imú tẹ̀lé e, ahọ́n tẹ̀lé imú. Sùúrù ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò dájọ́ títa, yóò sì rò pé líle ni òun dájọ́.

Sìgá ewé àti òkè òkun

Sìgá ńlá tí wọ́n fi odindi ewé tábà ká, tí kò ní bébà lára, ni ìdánwò tí ó le jù fún olùdájọ́. Lórí igi tábà kan náà, ewé kò rí bákan náà. Gbòǹgbò ni ó ń ṣe nikotíìnì, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sókè. Ewé òkè, tí oòrùn ń pa jù, ni ó nípọn jù tí ó sì le jù. Ewé àárín ni ó ní òórùn dáadáa. Ewé ìsàlẹ̀ ni iná ń tètè mú. Bí àgbẹ̀ bá gé òdòdó orí igi náà, agbára tí ìbá lọ sínú irúgbìn yóò padà sínú ewé. Ẹni tí ń ká sìgá ń da àwọn ewé yìí pọ̀. Bí ewé òkè bá ti pọ̀ tó ni sìgá náà yóò ti le tó. Ẹni tí ń dá a lẹ́jọ́ kì í gbé èéfín rẹ̀ mì. Ó ń yí i ká ẹnu, ó sì lè jẹ́ kí díẹ̀ gba imú jáde. Ibẹ̀ ni títa bí ata ti máa ń hàn jù. Iṣẹ́ tí imú ń ṣe fún sìgá yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ń ṣe fún aṣáà tipẹ́.

Bahia kò dá okùn tábà nìkan ṣe. Ní ọdún 1873, ilé-iṣẹ́ Dannemann bẹ̀rẹ̀ sí í ká sìgá ní São Félix, tí ó dojú kọ Cachoeira lódìkejì odò Paraguaçu. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ká sìgá ní àgbègbè yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn ará Áfíríkà. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Lucumí, sìgá di ohun ìrúbọ: wọ́n ń fún Ẹlẹ́gbára, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní sìgá. Àwọn tí wọ́n fi tábà rà ní etíkun wa dé ibi tí wọ́n ti ń gbin tábà. Ọmọ wọn ń ká a. Òrìṣà wọn ń gba á. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú dópin, ọkọ̀ ṣì ń lọ, ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia. Obì, òrí, ọṣẹ dúdú àti aṣọ híhun ni ó ń lọ. Tábà àti ọtí wà lára ohun tí ó ń bọ̀. Àwọn Àgùdà tí ó padà wálé mọ ọjà méjèèjì.

Ilé-iṣẹ́ sìgá àti ìdákẹ́ ahọ́n

Ọ̀rúndún ogún mú ìyípadà wá. Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ibi ìṣesìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì kọ́ ti Ìbàdàn ní ọdún 1937. Ní ọdún 1951, wọ́n dá Nigerian Tobacco Company sílẹ̀. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn tuntun, pàápàá ní agbègbè Òkè-Ògùn, kí wọ́n lè máa gbin ewé tí ilé-iṣẹ́ ń fẹ́. Ní ọdún 2003, British American Tobacco ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn.

Ohun tí ìyípadà yìí ṣe sí ìtọ́wò hàn gbangba. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí igi sìgá kìíní rí gẹ́lẹ́ bí igi kejì. Olùrà kò ní ohun tí yóò fọwọ́ pa, kò ní ohun tí yóò gbóòórùn kí ó tó sanwó. Orúkọ ara páálí ni ó ń rà. Bí aládùúgbò bá ní sìgá kan le, àwọ̀ páálí ni ó ń tọ́ka sí. Ìdájọ́ tí ahọ́n ń ṣe ní ojú ọjà ti kọjá sọ́wọ́ àwọn tí ń dà ewé pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tí olùrà kò lè wọ̀. Aṣáà nìkan ni ó ṣẹ́kù tí olùrà ṣì lè tọ́ wò lórí àtẹ́lẹwọ́ kí ó tó sọ pé òun yóò rà á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ahọ́n kò lè tọ́ wò. Ata a máa ta, yóò sì rọlẹ̀. Nikotíìnì ń so ènìyàn mọ́lẹ̀. Tábà tí wọ́n ń mu ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti àrùn ọkàn. Èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Kò sí òórùn tàbí adùn tí ó ń kéde ewu yìí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìkápá tábà, àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Òfin ìkápá tábà ti ọdún 2015 kà títà rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka títà sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Òfin náà kan aṣáà pẹ̀lú, nítorí tábà ni.

Ìwúlò fún olùkọ́

Àkòrí yìí wúlò nínú kíláàsì ìtàn àti kíláàsì èdè. Nínú kíláàsì ìtàn, olùkọ́ lè gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: ta ni ó ń pinnu ohun tí ó dára nínú òwò, ẹni tí ń tà ni tàbí ẹni tí ń rà? Ọ̀rọ̀ refugo yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ìtumọ̀ ohun tí a kọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Crowther yóò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn gbogbo àkójọ ọjà, ènìyàn tí ó ní ìyá wà níbẹ̀.

Nínú kíláàsì èdè, akẹ́kọ̀ọ́ lè to àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́wò jọ, kí wọ́n sì ṣe àlàyé ìyàtọ̀ àárín dùn, korò, kan, ta, mú àti le. Kò yẹ kí tábà wọ kíláàsì rárá. Ewúro, orógbó, ataare àti oyin tó fún ìdánwò náà, gbogbo wọn sì wà lọ́jà Owódé. Akẹ́kọ̀ọ́ tún lè béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá ń dá aṣáà lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń bá àwọn tí ń lò ó lọ, bí a kò bá sì kọ wọ́n sílẹ̀ nísinsin yìí, ìwé atúmọ̀ èdè tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú kò ní rí wọn.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn olùrà ní etíkun wa àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe ọ̀bọrọ́ tí òyìnbó ń da ìdọ̀tí fún. Wọ́n tọ́ tábà wò, wọ́n mọ èyí tí wọ́n fẹ́, ìdájọ́ wọn sì lágbára débi pé Lisbon, Bahia àti Họ́láńdì yí òwò wọn padà nítorí rẹ̀. Èdè Yorùbá sì pa ìmọ̀ yẹn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Iṣẹ́ náà tún ti fi hàn pé ìmọ̀ ahọ́n kò tó. Àwọn tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ àárín títa àti líle, tí wọ́n lè fi imú mọ ìdì tí yóò bu, ni wọ́n wà níbi òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé ọmọ Àfàlá sí apá kan tí tábà wà ní apá kejì. Wọ́n dá tábà lẹ́jọ́ dáadáa. Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ ọ̀la mú kúrò níbí ni pé kí ó máa béèrè iye tí ẹlòmíràn san fún ohun tí ó dùn mọ́ òun lẹ́nu.